Dandi: Ọjọ́ Mẹ́jọ ní Ìlú Ìyá Mi

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Kẹwàá 2025. Seoul

Mo ti dé Kòríà. A gbéra ní Èkó lánàá, a dúró ní Addis Ababa, a sì balẹ̀ sí Incheon lọ́sàn-án òní. Ọkùnrin tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé kí ni mo bá wá. Èdè Kòríà ni mo fi dá a lóhùn: "Imo manna-reo wasseoyo." Mo wá kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó gbójú sókè, ó wo orúkọ Yorùbá tó wà nínú ìwé náà, ó wo àwọ̀ mi, ó wo ẹyinjú mi, ó ní kí n máa kọjá. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sọ ọ́ fún ara mi níwájú dígí.

Busan ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ní 1971 wọ́n wà lára àwọn nọ́ọ̀sì tí Kòríà ń rán lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì. Láàárín 1966 sí 1976, àwọn obìnrin tó bá iṣẹ́ náà lọ lé ní 10,000. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi rí oúnjẹ jẹ, òun náà ni ọ̀pọ̀ àbúrò fi kàwé. Jámánì ni wọ́n ti pàdé bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn tó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n fẹ́ra, wọ́n jọ dé sí Ìbàdàn ní 1979, wọ́n sì bí mi lọ́dún kejì.

Yorùbá ni ìyá mi bá wa sọ dàgbà. Ẹni tó bá dijú tó ń gbọ́ wọn, á ní ọmọ Bẹẹrẹ ló ń sọ̀rọ̀. Bí a bá ní kí wọ́n kọ́ wa ní èdè tiwọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín: "Ta lẹ fẹ́ máa bá sọ ọ́?" Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu wọn nígbà tí wọ́n bá ń kánjú tàbí tí inú bá ń bí wọn ni a ṣà: bap, oúnjẹ, mul, omi, iri wa, wá síbí, ppalli, yára, àti aigo, tí wọ́n máa ń ké bí àwa ṣe ń ké yé. Wọ́n kú ní 2021. Nínú àpótí wọn la ti rí dìdì lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n wọn kọ láti Busan. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé girama. Ọdún 19 ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀, mo wá di lẹ́tà ìyá tèmi mú, n kò mọ èyí tó jẹ́ orúkọ wọn níbẹ̀. Ọjọ́ náà dùn mí ju ọjọ́ ìsìnkú lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Hangul, lẹ́tà àwọn ará Kòríà. Nígbà tí oòrùn wọ̀ lónìí, mo lọ síwájú ère Ọba Sejong ní Gwanghwamun. Ó jókòó sórí ìtẹ́, ó ṣí ìwé sọ́wọ́ òsì, gbogbo ara rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Òun ló ṣe àwọn lẹ́tà náà ní 1443, tó sì kéde wọn fún ará ìlú ní 1446, nítorí pé lẹ́tà Ṣáínà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò nígbà náà ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Ẹnu èèyàn ló wò kó tó fa ìlà sílẹ̀: ㅁ ni ẹnu, ㅅ ni eyín, ㄴ ni bí ahọ́n ṣe ń gbéra lọ kan òkè. Jeong In-ji, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀mọ̀wé ààfin rẹ̀, kọ ọ́ pé ọlọ́gbọ́n á mọ̀ ọ́n kí àárọ̀ tó parí, pé òpè pàápàá á mọ̀ ọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí. Kíkà nìyẹn o. Sísọ rẹ̀ ti gbà tó ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lórí fóònù pẹ̀lú olùkọ́ kan tó ń gbé Seoul níbí, n kò sì tíì débì kan.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba náà. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ní Yorùbá.

Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá. Ojú irin, Busan

Ọdún Chuseok ku ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo Kòríà ló ń lọ sílé. Bí ọdún Iléyá àti Kérésì bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà ní ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ibùdókọ̀ Seoul ṣe rí láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní Busan ló ti bá mi já tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ọdún, orí ìdúró ló máa wà, bó bá tilẹ̀ rí ọkọ̀. Kálukú gbé páálí dání: èso píà, òróró, ẹran inú agolo, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi aṣọ dì bí ẹrù ìyàwó.

Rélùwéè náà yára débi pé igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà di ìlà kan ṣoṣo. Kò ju wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú lọ, a ti fi Seoul sílẹ̀, a dé etíkun gúúsù. Ohun tó gbà mí lọ́kàn ni ohùn àwọn èrò. Láti Seoul, ohùn tí mo ń gbọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti olùkọ́ mi. Nígbà tí a dé Dongdaegu tí àwọn mìíràn wọlé, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Etí mi dìde. N kò gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìyá mi wà lórí àga ẹ̀yìn mi.

Keun-imo fúnra wọn ló wá pàdé mi. Keun-imo ni orúkọ tí wọ́n ń pe èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni. Ọmọ 80 ọdún ni wọ́n, wọn kò ga ju èjìká mi lọ. Mo ti ka kíkí sórí láti ìdí rẹ̀ dé òkè rẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ní: "Bap mugeonna?"

Kò yé mi. Olùkọ́ mi kọ́ mi pé "Siksa hasyeosseoyo?" ni a fi ń béèrè lọ́wọ́ àgbà bóyá wọ́n ti jẹun. Ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni, ní ohùn Busan. Ṣé o ti jẹun? Bí mo ṣe ń ti ilé-ìwé bọ̀ nígbà èwe mi, kí n tó bọ́ bàtà, ohun tí ìyá mi máa kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

Òórùn irú pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Cheonggukjang ni wọ́n sè, ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà tí wọ́n jẹ́ kó bà díẹ̀ kó lè dùn. Kòkòrò àìfojúrí kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ àti nínú irú tiwa. Ó wá yé mi ìdí tí ìyá mi, tí kò tíì jẹ irú rí kó tó dé Ìbàdàn, kò fi yọwọ́ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

A jókòó sídìí oúnjẹ. Níbí, ẹnikẹ́ni kì í gbé ṣíbí kí àgbà tó gbé tirẹ̀. Mo ń dúró de Keun-imo, Keun-imo ń wo ẹnu mi bóyá màá jẹun. Ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta fò lọ lórí mi, mo bá ní: "Meogeo!"

Ilé dákẹ́. Jẹun, ni mo sọ fún ìyá àgbà ọlọ́gọ́rin ọdún. Kì í ṣe "ẹ jẹun," "jẹun" ni! Èdè Kòríà tún le ju tiwa lọ níbẹ̀, torí pé Yorùbá á kàn yí "o" padà sí "ẹ," ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀ ló ń yí padà. "Deuseyo" ló yẹ kí n sọ. Ọmọdé ń jẹun, ọ̀rọ̀ kan ni. Àgbà ń jẹun, ọ̀rọ̀ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni oorun, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé, títí dórí ọjọ́ orí.

Mo fi ojú pamọ́, mo ti fẹ́ kúnlẹ̀. Keun-imo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Ẹ̀gbọ́n mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Wọ́n ní ohùn àbúrò wọn gan-an nìyẹn." Gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi ní èdè yìí, ohun tí ìyá ń sọ fún ọmọ kékeré ni. Ibẹ̀ ni èdè náà ti dúró lára mi, bí ọmọ ọdún mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá. Jagalchi

Ọjọ́ òní ni màá rántí jù.

Jagalchi ni ọjà ẹja ńlá Busan, lẹ́bàá omi. Àwọn obìnrin ló ni ín: bàtà róbà, ìbọ̀wọ́ pupa, ọ̀bẹ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba síbẹ̀ pé "Oiso! Boiso! Saiso!" Ẹ wá, ẹ wò ó, ẹ rà á. Ohùn Busan ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe ti Seoul, ojú kò sì tì wọ́n. Mo dúró, mo kà á sókè. Ìyá kan tó ń họ ẹja na ọ̀bẹ sí mi pé kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní ohùn mi gòkè níbi tó yẹ. Ọmọ kíláàsì mi tó gba máàkì kíkún kò lè yọ̀ tó mi.

Ebi ń pa wá, a lọ jẹ dwaeji gukbap, ìrẹsì inú omi ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Oúnjẹ ìlú yìí ni. Nígbà ogun 1950 sí 1953, Busan ni olú-ìlú fún ìgbà díẹ̀, àwọn tó sá fún ogun kún ibẹ̀ bámúbámú. Oúnjẹ olómi tó lè yó ọ̀pọ̀ èèyàn fi ìdí múlẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n gbé ìkòkò amọ̀ kékeré síwájú mi, ó ń hó kùtùkùtù, wọ́n sì gbé ewé tútù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, bí ewé àlùbọ́sà tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ. Keun-imo nawọ́ sí i: "Jeongguji neo-eora."

Jeongguji! Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìbàdàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ebè mẹ́ta ni ìyá mi kọ ọ́ sí. Jọ́ńgújì là ń pè é. Tí wọ́n bá ní "lọ gé jọ́ńgújì wá," kò sẹ́ni tó ń béèrè kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ mi ní Seoul, buchu ni òun ń pè é. Nígbà tí mo kọ́ buchu, n kò mọ̀ pé ohun tí mo ti mọ̀ ni mo ń kọ́.

Mo ṣì ń ti orí ewé náà bọ̀ nígbà tí Keun-imo ti ìkòkò náà sún mọ́ mi, wọ́n ní: "Dandi jabara."

Ọwọ́ mi dúró sára ìkòkò. Ó gbóná, n kò mọ̀ pé ó gbóná.

"Fọ̀ ọ́ dandi." "Ká ìwé rẹ dandi." "Ti ilẹ̀kùn dandi kó o tó sùn." Ọ̀rọ̀ ìyá mi nìyẹn, láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Yorùbá la pè é. A rò pé ẹnà Ìbàdàn ni. Èmi fúnra mi ti lò ó nínú kíláàsì: ẹ kọ ọ́ dandi. Nígbà tí ọmọ kan ní kí n fi hàn án nínú ìwé atúmọ̀-èdè, mo wá a, n kò rí i, mo ní bóyá Jámánì ni wọ́n ti mú un bọ̀. N kò jẹ́ bi olùkọ́ mi ní Seoul léèrè, torí pé kò sẹ́ni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́wọ́ ará Kòríà.

Dandi, ọ̀rọ̀ ẹkùn Gyeongsang, níbi tí Busan wà: dáadáa, pẹ̀lú ìṣọ́ra, kó má kù síbì kan. Di ìkòkò náà mú dandi.

Mo pe àbúrò mi ní Ìbàdàn lálẹ́. Mo ní, "Dandi kì í ṣe Yorùbá o." Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní: "Àwọn ọmọ mi náà ń sọ ọ́, Àǹtí mi. Aládùúgbò wa gan-an ti ń sọ ọ́."

Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá. Ilé Keun-imo

A ṣe songpyeon, àkàrà ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n ń fi ẹ̀wà tàbí sẹ́sámì sínú rẹ̀, tí wọ́n ń mọ bí ààbọ̀ òṣùpá, tí wọ́n sì ń fi oru sè lórí ewé igi páìnì. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ọ́n dáadáa á bí ọmọbìnrin arẹwà. Tèmi rí gbágun-gbàgun. Keun-imo tún un mọ, wọn kò sọ nǹkan.

Mo ń fetí sí ọ̀rọ̀. Ìrẹsì tí wọn kò tíì sè, ssal ni ìwé ń pè é, kí ẹni tó ń sọ ọ́ tẹ ahọ́n kó le. Keun-imo ní "sal." Sal ni ẹran ara èèyàn nínú ìwé! Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín: àwọn àgbà ibí kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Mo rántí bàbá mi, ọmọ Ìbàdàn gidi, tó jẹ́ "isu" ni iṣu ń jẹ́ lẹ́nu wọn títí wọ́n fi kú, tí àwa ọmọ ilé-ìwé fi ń dá wọn lápárá. Ìyá mi kò bá wa dá wọn lápárá rí. Ó ti yé mi wàyí.

Ìpè nílé yìí kò ṣòro fún mi. Àbúrò, dongsaeng, ọkùnrin tàbí obìnrin kò sí nínú rẹ̀, bíi tiwa. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni wọ́n pín: èmi obìnrin á pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní eonni, ọkùnrin á pè é ní nuna. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì ni Eonni mi, kò sí pé ẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ tí ẹ ó fi yọ ọ́ sẹ́yìn. Wọn kì í pe Keun-imo lórúkọ. "Ìyá Min-su" ni àwọn aládùúgbò ń pè wọ́n, Min-su eomma, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá mi ní Ìyá Fọlákẹ́. "Ìyá wa" ni wọ́n ń wí, kódà ẹni tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo.

Ní ọ̀sán, Eonni fi nǹkan kan dán etí mi wò. Wọ́n ní: "Gaga gaga?" Ṣé ẹni yẹn gan-an ni ẹni tí à ń wí? Ohùn lásán ló mú kó dá yàtọ̀. Mo sọ ọ́ padà, mo sọ ọ́ bó ṣe yẹ nígbà àkọ́kọ́. Èmi náà fún wọn ní igba, igbá, ìgbà. Ọmọ wọn tó ń kàwé ní girama gbọ́ wa, ó sáré lọ gbé ìwé rẹ̀ wá. Àwòrán ìwé àtijọ́ ló fi hàn mí, èyí tí wọ́n tẹ̀ láyé Ọba Sejong. Ní apá òsì àwọn ọ̀rọ̀ ni àmì tótòtó wà: ibòmíràn ọ̀kan, ibòmíràn méjì, ibòmíràn kò sí.

"Kí nìyí?"

"Bangjeom," ni ó wí. "Ohùn ni. Tí kò bá sí, ohùn wálẹ̀. Ọ̀kan, ohùn lọ sókè. Méjì, ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ ó gòkè."

Mo jókòó sílẹ̀ gbà. Àmì ohùn! Nun tó jẹ́ ojú ní àmì kan, nun tó jẹ́ yìnyín ní méjì. Son tó jẹ́ ọwọ́ ní ọ̀kan, son tó jẹ́ àlejò kò ní rárá. Nígbà tó fi di ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wọn kò kọ àmì náà mọ́, ohùn náà sì kú ní Seoul. Busan ṣì ní tirẹ̀. Ọdún 19 ni mo ti ń kọ dò, re, mí sójú pátákó, n kò mọ̀ pé baba ńlá ìyá mi náà ń fi àmì sí tiwọn.

Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá. Chuseok

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí Min-su oppa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ti tẹ́ tábìlì fún bàbá rẹ̀ tó ti kú: ìrẹsì titun, ẹja, èso, songpyeon. Lẹ́yìn rẹ̀ a gun òkè lọ sí ibojì àwọn òbí ìyá mi. Wọ́n ti gé koríko orí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Keun-imo ní bí n kò bá fẹ́ tẹríba nítorí ẹ̀sìn mi, kò burú. Mo ní ìkúnlẹ̀ kì í ṣe nǹkan titun lára ọmọ Yorùbá. Níbí, obìnrin ń gbé ọwọ́ méjèèjì siwájú orí, á rọra kúnlẹ̀, á tẹrí sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan fún alààyè, ẹ̀ẹ̀mejì fún òkú. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ́ àdìrẹ Ìbàdàndùn ìyá mi sórí koríko náà, èyí tí wọ́n máa ń ró lọ́jọ́ Àìkú. Keun-imo fi ọwọ́ pa á títí a fi sọ̀kalẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá. Yeongdo

A gba orí afárá Yeongdo tí wọ́n ṣí ní 1934 kọjá. Lásìkò ogun, ibẹ̀ ni àwọn ìdílé tó pín yà máa ń dá àjọ pàdé sí. Adúgbò ìyá mi wà ní òdìkejì: Kkangkkangi ni wọ́n ń pe ibẹ̀, nítorí ìró òòlù. Àwọn obìnrin ló máa ń so ara wọn rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n á máa fi òòlù kan ìpẹtà kúrò, kkang, kkang, kkang, títí etí wọn á fi di. Ìyá ìyá mi wà lára wọn. Èdè yìí kún fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé ìró rẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀: ọkàn ń lù dugeun-dugeun, nǹkan ń dán banjjak-banjjak. Àwa tí a ní kìjikìji àti yinrin-yinrin, kò yẹ kó ṣòro fún wa.

Ẹsẹ̀ ń dun Keun-imo. A tètè padà sílé.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá. Ilé Keun-imo

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Keun-imo gbé páálí bisikíìtì kan jáde. Lẹ́tà ìyá mi ló kún inú rẹ̀, láti Jámánì, láti Ìbàdàn. Mo ti mú lẹ́tà tiwọn wá láti Ìbàdàn, wọn kò sì mọ̀. A tò wọ́n sílẹ̀, ìbéèrè lápá kan, ìdáhùn lápá kejì. Nínú èsì kan, èso jeongguji wà lára ohun tí ìyá mi ń dúpẹ́ lé lórí.

Èyí tí wọ́n kọ ní 1980 ni mo kà pẹ́ jù. Eonni bá mi túmọ̀ ibi tó ṣòro. Ìyá mi ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kíni ní Ìbàdàn: pé wọ́n ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó jókòó, ẹni tó náwó, ẹni tí òjò pa. Ó dà bíi "sugohaseyo" tiwa, ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n tiwọn kò lópin. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ àpẹẹrẹ sílẹ̀ pẹ̀lú Hangul, 에 쿠 이셰, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ kọjá lọ kí n tó rí i pé àmì tótòtó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́tà náà, lápá òsì.

Bangjeom. Ìyá mi fi bangjeom kọ Yorùbá. Ọ̀kan fún mí, kò sí fún dò. Fún re, tí èdè Kòríà kò ní tirẹ̀, wọ́n yá àmì méjì lò. 폴라케, orúkọ mi, láìsí lẹ́tà F nínú Hangul: méjì, ọ̀kan, ọ̀kan. Fọ-lá-kẹ́. Ìbàdàn kò ní àmì kankan, dò-dò-dò, ó pé pérépéré.

Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé: "Èdè yìí dà bí tiwa ní Busan, Eonni. Tí o bá ṣi ohùn gbé, ọ̀rọ̀ á di nǹkan mìíràn. Orí ire mi ni pé Yeongdo ni wọ́n bí mi sí. Ìyà ìbá jẹ ará Seoul níbí."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi tí mo rò pé wọ́n fi èdè wọn sílẹ̀ sí èbúté. Pẹ̀lú ọmọ oṣù mélòó kan lọ́wọ́, lálẹ́, ní Ìbàdàn, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi àmì ohùn Ọba Sejong kọ́ Yorùbá. Èdè wọn ni wọ́n fi gbọ́ tèmi.

Keun-imo ní àwọn àti ìyá àwọn máa ń ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sókè lálẹ́ nígbà náà, kí wọ́n lè mọ bí ẹnu ọmọ wọn ṣe rí lọ́hùn-ún. Mo ní kí wọ́n kà fún mi. Wọn kò kà ní alẹ́ yẹn. Wọ́n ní ojú àwọn ti rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá. Ibùdókọ̀ Busan

Ọjọ́ Hangul lónìí, ìsinmi ni jákèjádò ilẹ̀ náà. Àsíá wà lójú ọ̀nà.

Eonni gbé ẹrù mi. Keun-imo fi jeongguji àti kimchi sínú ike, wọ́n tún fi ike mìíràn bò ó, mo ṣàlàyé títí pé wọn kò ní jẹ́ kí n gbé ewé tútù wọ ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́ nínú rélùwéè nígbà náà. Mo jẹ ẹ́.

Ní ẹnu ibi tí à ń gbà wọlé, wọ́n mú bébà kékeré kan jáde lápò, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú. Láti inú lẹ́tà ìyá mi ni wọ́n ti dà á kọ. Àmì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà àkọ́kọ́, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tó kù. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Ó dàbọ̀," ni Keun-imo wí. Mí, dò, dò. Kò ṣì níbì kan.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, láàárín èrò. Mo ní: "Imo, dandi gyesi-iso." Ẹ máa wà dandi.